Ìrìn Ẹsẹ̀ Ọjọ́ Kan ní Pópó Àgùdà

Kì í ṣe gbogbo ìrìn àjò ni ó ń béèrè ọkọ̀ òkun. Àwa tí a ń gbé ní Itele, ní ẹ̀bá Ọ̀tà, níbi tí ariwo ọkọ̀ akẹ́rù àti èéfín ilé iṣẹ́ ti pọ̀, ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn a máa ná owó púpọ̀ láti lọ fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri àwọn ìlú Sípéènì, kí wọ́n lè wo àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀. Àwa kò ní owó ọkọ̀ dé Sípéènì. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan wà ní Èkó tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, padà wá tẹ̀dó sí, tí wọ́n sì kọ́ ilé wọn ní irú ọnà tí àwọn Potogí àti àwọn ará Sípéènì gbé dé òkè òkun ọ̀hún. Pópó Àgùdà ni a ń pè é, ibẹ̀ ni a sì lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí Lẹ́ńtì kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Màmá wa ni ó fa ìrìn náà. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní òpópó Bámgbóṣé ni a gbé bí wọn, nínú yàrá kan tí àwọn òbí wọn háyà ní ilé àwọn Àgùdà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá bá wa gbé ní Itele ni wọ́n ti ń wí pé àwọn fẹ́ fi ojú kan ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwa a sì máa dá wọn lóhùn pé, “Ó di ọdún tí ń bọ̀, Màmá.”

Ọkọ̀ gba Ayọ̀bọ̀ àti Ìyànà-Ìpájà, a wọ òmíràn ní Òṣòdì, a sì sọ̀kalẹ̀ ní CMS. Ohun tí ojú wa rí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn, àti nítorí eékún Màmá, a kò yára. Bí a bá rìn díẹ̀, a ó jókòó.

Kàtídírà ti Kristi ní etí Marina ni a kọ́kọ́ wọ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó wá di Edward Kẹjọ, ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1925, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1946. Màmá gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́, wọ́n sì ní kí a máa lọ.

Ní òpópó Kákáwá ni Ilé Omi wà. João Esan da Rocha ni ó kọ́ ọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní kékeré, tí ó sì padà dé Èkó ní nǹkan bí ọdún 1870 pẹ̀lú aya rẹ̀ àti Candido ọmọ wọn, ẹni tí ó di ọlọ́rọ̀ ńlá lẹ́yìn náà. Ó gbẹ́ kànga sí ilé náà, àwọn ará Èkó a sì máa gbé ìkòkò wá ra omi níbẹ̀, nítorí omi tí ó mọ́ ṣọ̀wọ́n ní Erékùṣù nígbà náà. Nǹkan bí ọdún 1915 ni ilé iṣẹ́ omi Ìjù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn. (Àwa tí a sún mọ́ Ìjù jù wọ́n lọ ṣì ń fa omi kànga ní Itele, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni èyí.) Ènìyàn tí a tà bí ẹran, tí ó padà wá di ẹni tí ń bu omi fún ìlú! A dúró níbẹ̀ pẹ́.

A gba òpópó Broad dé Ìta Tinúbú, tí a fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú pè, obìnrin oníṣòwò tí a lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, tí ó sì kú sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1887. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta yìí ni ilé Fernandez gbé wà, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni a kọ́ ọ. Ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Àwa ti rí i rí, pẹ̀lú àwọn ojú ọ̀nà rẹ̀ tí orí wọn tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè, a sì ti ṣe ìlérí fún àwọn ọmọ wa láti ìgbà pípẹ́ pé a ó mú wọn wá wò ó. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa béèrè pé, “Níbo ni ó wà?” Afẹ́fẹ́ ni a na ìka sí.

Màmá wò wá. “Ẹ rí ‘ọdún tí ń bọ̀’ yín,” ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára.

Ní òpópó Martins, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì dúró gbọn-in. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1894 ni a ṣí i, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó sì jẹ́ ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó mọ ilé àwọn Àgùdà yóò dá ọwọ́ wọn mọ̀ lára ọnà tí a fi símẹ́ǹtì gbẹ́ yí ojú fèrèsé ká. Bí a ti dúró ní ìta tí a ń wò ó, ọkùnrin kan gbé àga wá fún Màmá, kò sì béèrè ìjọ tí a ń lọ.

Kàtídírà Àgbélébùú Mímọ́ tí ó wà lónìí, láàárín ọdún 1934 sí 1939 ni a kọ́ ọ, sí ibi tí èyí tí àwọn Àgùdà kọ́kọ́ kọ́ wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Páàdì kankan tó dé Èkó rárá, ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Pa Antonio, ẹni tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí kì í ṣe àlùfáà, tí ó ń kó àwọn Àgùdà jọ láti gbàdúrà. Títí di òní, bí a bá fẹ́ dárúkọ ìjọ Róòmù ní èdè wa, Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wa ń wí.

Òòrùn ti yẹ̀ kí a tó dé òpópó Bámgbóṣé. Màmá ka ojúlé láti ìkángun, wọ́n tún un kà. Ilé ìtajà alájà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Wọn kò sọkún. Wọ́n kàn ń tọ́ka fún àwọn ọmọ: àtẹ̀gùn wà níhìn-ín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn gba àárín ilé kọjá, láti ojú fèrèsé yẹn sì ni ìyá Àgùdà onílé ti máa ń na àwo fréjọ̀n sí wọn ní gbogbo Ẹtì Rere, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ kan kọ́ ni wọ́n. Obìnrin kan tí ń ta aṣọ gbọ́ ohùn wọn, ó sì mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kànga náà wà níbẹ̀! Wọ́n ti fi pákó bò ó, wọ́n sì to páálí lé e lórí. Màmá gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n béèrè iye tí obìnrin náà ń ta àǹkárá.

Òkùnkùn ti ṣú kí a tó dé Itele. Màmá kò tí ì bọ́ bàtà tí wọ́n fi béèrè ọjọ́ tí Ẹtì Rere bọ́ sí ní ọdún yìí, wọ́n sì ní kí a tètè ra àgbọn sílẹ̀.