Gíláàsì Ló Dí Mi Lójú

Súyà ni mo ń fún un jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ìtìjú tó yí mi lọ́kàn padà. Tí mo bá ti ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ lálẹ́, n ó yà lọ́dọ̀ mállàm tó ń sun súyà, n ó ní kó gé ibi tí kò lọ́ràá fún mi. N ó délé, n ó fomi ṣan yájì ara rẹ̀ kúrò, n ó wá máa já a ní wẹ́wẹ́ fún ọmọ awọ́nríwọ́n. Ẹranko tí Ọlọ́run Ọba dá mọ́ ìrẹ̀ àti ọ̀kùn! Mo sì ń pe ara mi ní aláàánú.

Lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wa ìrẹ̀ lójú ọ̀nà Àfọ̀n ni mo ti rà á nígbà òjò. Ihò ìrẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ tí wọ́n fi kàn án, nítorí ibẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ máa ń sá sí: ilé àti oúnjẹ lójú kan. Kò gùn ju bírò lọ. Kì í ṣe ti etí odò tó máa ń jí ẹyin adìẹ o. Ti ilẹ̀ ọ̀dàn ni, tó kúrú, tó nípọn lọ́rùn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Varanus exanthematicus. Kí ló tì mí dé ìdí rẹ̀? Fáàrí ni. Mo ti rí àwọn ará Amẹ́ríkà lórí YouTube tí wọ́n ń gbé e lé èjìká. Irú tiwa yìí náà ni. Láti Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ó sì wà lára àwọn tí àdéhùn CITES ní kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Mo ní bí òyìnbó bá ń fi dọ́là ra ohun tó ń sáré kiri ní Àfọ̀n, ta ló yẹ kó ní in bí kò ṣe èmi?

Mo ra àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, mo so gílóòbù kan sókè rẹ̀. Fèrèsé náà, gíláàsì ni. Oòrùn àárọ̀ á wọlé, á tàn sí i lára yọ̀ọ̀, n ó máa ya fọ́tò, àwọn èèyàn á máa kan sáárá sí mi lórí Facebook. Mo sọ ọ́ ní Séríkí.

Àìsàn náà kò dé lójijì. Èmi ni mo ń wò ó tí n ò rí i. Tẹ́lẹ̀, bí Séríkí bá ń rìn, ó máa ń gbé ikùn kúrò nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń wọ́ ọ. Mo ní ó ti yó ni. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, mo ní oorun ló ń kùn ún. Àwọn ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọyẹ́ sì ti dé nígbà náà, mo ní òtútù ni. Ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́, mo ní ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kódà àwọn nǹkan dúdú kan wà ní abíyá rẹ̀ tí mo máa ń fi han àlejò pé ẹ wo àmì ara rẹ̀. Eégbọn ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Eégbọn!

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Sẹ̀kínà, ara ẹranko yìí ò yá o.” Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa awọ́nríwọ́n. Nígbà tí àyà mi wá já tán, alfa àdúgbò ni mo gbé e lọ bá, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe hàǹtú, bóyá ayé ló ń bá mi jà. Alfa wò mí títí, wọ́n ní, “Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.” Ẹni tí mo rò pé ó máa gbè mí lẹ́yìn! Mo délé, mo tún fi kún súyà.

Ibi tí Ọlọ́run ti mú mi nìyí. Taransífọ́mà àdúgbò bú, iná lọ, gílóòbù Séríkí kú. Mo bú àwọn oníná, mo ṣépè fún wọn. Òwúrọ̀ ọyẹ́ burú, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí, ni ìyàwó mi bá fi àgò adìẹ bò ó sí ojúde kó lè rí oòrùn yá. Ọjọ́ náà gan-an ni dókítà ẹranko kan wá gún ajá ará ilé kejì wa ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ó ń kọjá lọ, ó dúró. “Alájì, ta ló ni ọmọ awọ́nríwọ́n yìí?” Ká ní iná wà ni, inú pálọ̀ ni ì bá wà, dókítà ì bá kọjá, ilẹ̀ ni ǹ bá sì sin ín sí. Ohun tí mo ń ṣépè fún, òun ni Ọlọ́run rán.

Dókítà fi ìka méjì di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Séríkí mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́, egungun sì tẹ̀ wọlé bíi rọ́bà. Ó béèrè bóyá ó ń rí oòrùn. Mo ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ ń rí yẹn, Alájì. Èyí tó wúlò fún un nínú oòrùn, gíláàsì ti gbà á.” Ìtànṣán UVB ni awọ ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámínì D. Bí kò bá sí i, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ á kàn gba ikùn kọjá ni. Bẹ́ẹ̀ iṣan àti ọkàn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí kálísíọ̀mù, ni ara bá ń yọ ọ́ nínú egungun. Ẹran tí kò légungun tún dá kún un, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Gbígbọ̀n tí mo dì lé ọyẹ́ lórí, iṣan tí ebi kálísíọ̀mù ń pa ni. Ọyẹ́ náà ò sì mọ́ tán, torí bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀.

Ó fi ẹ̀mú kékeré yọ eégbọn kọ̀ọ̀kan láìfi orí rẹ̀ sílẹ̀ sára. Ó fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán oògùn kálísíọ̀mù sí i lẹ́nu, ó sì kìlọ̀ pé kí n má ṣe wọn oògùn fúnra mi, àpọ̀jù ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ní kí n gbé ìgbẹ́ rẹ̀ tútù wá kí wọ́n wò ó bóyá aràn wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀. Àgò onírin la fi rọ́pò gíláàsì, a fi aṣọ ṣíji bo ìdajì rẹ̀ kó lè sá kúrò nínú oòrùn nígbà tó bá fẹ́. Àpótí gíláàsì nínú oòrùn, kíá ló máa sè é pa. Súyà parí. Ìrẹ̀ àti tata tí kò fẹ̀ ju àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ ló kù, a ó fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù ra á lára, nígbà mìíràn ìgbín kéékèèké. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń wẹ̀ ẹ́ kí awọ tó bó má bàa há mọ́ ọn níka.

Kò yá bọ̀rọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí mo rí i tó gbé ikùn kúrò nílẹ̀, tó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé tata, mo pariwo “Alhamdulillahi” débi tí ará ilé kejì fi yọjú. Àgbọ̀n rẹ̀ ti le. Ẹ̀yìn tó ti wọ́ kò tọ́ mọ́, kò sì lè gbẹ́ ihò dáadáa, ìdí nìyí tí dókítà fi ní kí n má dá a padà sígbó. Ọ̀dọ̀ mi ló máa gbó sí. Ìyàwó mi ò sì jẹ́ kí n gbé Sẹ̀kínà láìfọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, torí àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ máa ń ní kòkòrò salmonella lára bí wọn ò tilẹ̀ ṣàìsàn, ó sì lè da ọmọdé láàmú gan-an.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Àfọ̀n tún gbé òmíràn wá, wọ́n ti gbọ́ pé Alájì ń rà á. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: àgbọ̀n le, ojú mọ́, ó ń jà fitafita. Mo ní kí wọ́n dá a padà síbi ihò tí wọ́n ti wú u. Wọ́n ní owó wọn ńkọ́? Mo ra gbogbo ìrẹ̀ ọwọ́ wọn. Wọ́n sì tà á ní ọ̀wọ́n fún mi.