Ìlà Gígùn ní Florida
Ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́, bí ẹ bá lọ ṣe fàájì ní Disney World ní Florida, ìlà gígùn ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè tò lè gba àyè láti dúró níbòmíràn. Wọ́n á sọ aago tí yóò padà wá fún un. Òun náà ń dúró.

Ní 2013, wọ́n fagi lé káàdì àtijọ́ nítorí àwọn tí ara wọn le tó ń fi í ré ẹlòmíràn kọjá. Ní 2024, wọ́n dín ètò náà kù sí àwọn tó ní ọ̀ràn bí autism ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ aláìlera mìíràn kò rí i gbà mọ́.

Nítorí náà, bí ara yín bá le, ẹ tò. Bí ẹ sì rí ọmọ tó ń sáré tí wọ́n pè wọlé, ẹ má bínú sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.