Àwọn Òkè Ẹ̀yìn Freetown

Láti pápákọ̀ òfurufú Lungi, ojú omi ni ọ̀pọ̀ èrò ń gbà dé Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Láti àárín omi ni ojú ti ń rí àwọn òkè náà: wọ́n tò gbọọrọ lẹ́yìn ìlú, igbó bò wọ́n lórí, ìkùukùu sì wé mọ́ wọn bíi gèlè. Pedro de Sintra, atukọ̀ ará Pọtogí, ló fi kìnnìún sọ wọ́n lórúkọ ní 1462. Orúkọ náà ló di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ọmọ Yorùbá tó bá gun òkè yìí kò ṣe àjèjì níbẹ̀. Àwọn abúlé orí òkè bíi Regent, Gloucester àti Bathurst ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú sí. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà tiwa, tí wọ́n ń pè ní Àkú. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822; Bathurst ló ti mọ̀wé kà. Atẹ́gùn tútù ṣì ń fẹ́ níbẹ̀, ilé onípákó àwọn Kírìó, àtọmọdọ́mọ àwọn tí a dá sílẹ̀ wọ̀nyẹn, ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, omi sì ń gba àárín òkúta dúdú sọ̀ kalẹ̀. Ní etíkun River No. 2, odò orí òkè pàdé òkun lórí iyanrìn funfun tí mo gbà pé kò lẹ́gbẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń bójú tó o.

Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Sierra Leone ní 1991, ó di 2002 kó tó parí. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ Freetown ní oṣù Kìíní 1999, ECOMOG, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Nàìjíríà ṣaájú, ló lé wọn jáde. Àwọn tí ogun tú nílé sá wá sí olú-ìlú. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kún, wọ́n bá gun òkè, wọ́n gé igi, wọ́n fi páànù kọ́lé. N kò lè bá wọn wí: ẹni tó ń sá fún ikú kì í wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ogun parí, igi gígé kò parí; àwọn olówó pàápàá ń kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent. Àwọn tó kú àtàwọn tí a kò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní Tacugama, nínú igbó àwọn òkè yìí kan náà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìnàkí aláìlóbìí láti 1995, tí ogun pàápàá kò tú ká, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò ní 2025 láti fi ẹ̀hónú hàn sí àwọn tó ń run igbó náà.

Láti inú àwọn òkè yìí, ní dáàmù Guma, ni ọ̀pọ̀ jùlọ omi tí Freetown ń mu ti ń wá. Ìjọba ti fi òfin sọ igbó náà di ọgbà ìpamọ́. Kí wọ́n mú òfin náà ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gba afinimọ̀nà láàrin àwọn ará abúlé, kí ẹ sì san owó yín fún wọn.