Ohun Tí À Ń Sọ Nípa Ọmọ Roma Nínú Ilé Wa

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó wà ní Hamburg máa ń sọ létí àwọn ọmọ wa láìfura: "Má bá àwọn Roma yẹn ṣeré o, wọ́n á jí fóònù ẹ." Roma yìí jẹ́ ẹ̀yà kan tó fọ́n káàkiri Yúróòpù. Ìyá á sọ ọ̀rọ̀ náà tán, á sì máa ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá yìí kan náà ni inú rẹ̀ máa ń ru bí ẹ̀ṣọ́ bá ń tẹ̀lé e kiri nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àwa àti wọn kò kúkú jìnnà síra. Ẹni tó bá mọ Billbrook ní Hamburg mọ̀ pé àdúgbò ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ni. Nítòsí ibẹ̀, ní Billstraße, làwọn èèyàn wa ti ń ra fíríìjì àti mọ́tò tòkunbọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Ilé gbígbé kò pọ̀ ní Billbrook, àfi ibùdó àwọn tó ń wá ìsádi, bí èyí tó wà ní Berzeliusstraße. Òfin ìjọba pàápàá ti so àwa ará Áfíríkà pọ̀ mọ́ àwọn Roma. Láti 1993 ni Jámánì ti ka Ghana àti Senegal mọ́ orílẹ̀-èdè tí kò séwu, tí kì í fi í rọrùn fún ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá láti rí ìsádi gbà. Ní 2014, wọ́n fi Serbia, Macedonia àti Bosnia, níbi tí ọ̀pọ̀ Roma ti ń wá, kún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ rò pé àlejò àná ni gbogbo wọn. Àwọn Sinti, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀ka kan lára Roma, ti wà ní Jámánì fún ohun tó lé ní 600 ọdún. Ní May 1940, ìjọba Hitler kó nǹkan bí 1,000 Sinti àti Roma, tọmọdé tàgbà, sínú ilé ìkẹ́rùsí èso kan ní èbúté Hamburg, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí Belzec ní Poland. Ibi ìrántí wọn wà ní Lohsepark. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ, ẹnikẹ́ni kò ní gba owó lọ́wọ́ yín.

Ní 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣètò ẹ̀kọ́, ilé, iṣẹ́ àti ìlera fún àwọn Roma. Ní 2020 wọ́n gbé ètò mìíràn kalẹ̀ títí di 2030. Ìwé pọ̀. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni ètò ROMED, tó kọ́ àwọn Roma fúnra wọn, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, níṣẹ́ alárinà láàárín àwọn èèyàn wọn àti ilé-iṣẹ́ ìjọba bí ilé-ìwé. Hamburg ti ń gba Roma àti Sinti sí ilé-ìwé bí olùkọ́ kí ROMED tó dé.

Ẹ wo ìdí tí alárinà fi ṣe pàtàkì. Ní Ostrava, ní ilẹ̀ Czech, wọ́n fi ìdánwò tí wọn kò ṣe fún irú wọn dán àwọn ọmọ Roma wò, wọ́n sì kó wọn sí ilé-ìwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò jí. Àwọn òbí ti fọwọ́ sí i. Ní November 2007, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Strasbourg dá àwọn Roma láre: ìyàsọ́tọ̀ ni, ìbuwọ́lùwé òbí tí kò lóye ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò sì lè pa ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ rẹ́.

Àwa náà ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ń ka lẹ́tà ilé-ìwé dé ìparí kó tó fọwọ́ sí i? Èdè Jámánì tó ń dààmú ìyá Roma ló ń dààmú wa. Bí wọ́n bá ní ọmọ yín nílò kíláàsì àkànṣe, ẹni tí ẹ lè bi léèrè ni òbí tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti bá rí, àwọn Roma sì ti rí i tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ a ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa yẹra fún wọn, àwa náà kì í sì í jókòó tì wọ́n ní Elternabend, ìpàdé òbí ní ilé-ìwé (bí a bá tilẹ̀ lọ).

Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ilé-ìwé bóyá wọ́n ní alárinà Roma. Bí ó bá wà, ẹ jẹ́ ká pè é wá sí ìpàdé àwa òbí. Ó ṣeé ṣe kó mọ òfin ilé-ìwé Hamburg ju àwa tí a ti pẹ́ níbí lọ.