Fíìmù Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Ti Kọjá

Àwọn kan wà tí wọ́n ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ wá fíìmù slide tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kí wọ́n lè fi í sínú kámẹ́rà oníke olówó pọ́ọ́kú bí Holga, èyí tí ó jáde ní Hong Kong ní 1982. Àbùkù gan-an ni wọ́n ń wá: àwọ̀ tí ó ṣì, ìmọ́lẹ̀ tí ó yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ìdérí. Bẹ́ẹ̀ fíìmù slide kì í fojú fo àṣìṣe; òun fúnra rẹ̀ ni àwòrán, kò sí ìgbà títẹ̀ sórí bébà tí a ó fi tún un ṣe.

Ní Abidjan, létí ọ̀sà Ébrié, ooru àti ọ̀rinrin kì í dúró de ọjọ́ tí a kọ sára páálí. Àwọn ayàwòrán Yorùbá tí wọ́n tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Côte d'Ivoire, tí Erika Nimis kọ ìwé lé lórí ní 2005, kò lè fi àbùkù ṣeré: oníbàárà tí ojú rẹ̀ bá ṣú (ta ni yóò sì bá a wí?) kò ní fẹ́ sanwó.

Paul Kodjo, ọmọ Abidjan tí ó kú ní 2021, ya àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ní àwọn ọdún 1970. Ìgbà àti ọ̀rinrin ti ba púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀ jẹ́ kí Ananias Léki Dago, ayàwòrán bíi tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n là. Irú abàwọ́n tí ẹlòmíràn ń fowó rà ni Dago ń nù kúrò lójú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn.