Àpáàdì Tí Mo Dà Nù

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Kafanchan níbí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi kọ́gbọ́n.

Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 12, ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ní Sátidé kan mo bá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ààtàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ta okùn, wọ́n pín ilẹ̀ sí ojúlé-ojúlé, wọ́n ń fi ṣíbí họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi ajọ̀ jọ erùpẹ̀ rẹ̀. Àpáàdì àti eyín ewúrẹ́ ni wọ́n ń kó sínú àpò bébà. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé nítorí ààtàn ni mo ṣe ń san owó ilé-ìwé?" Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú garawa kan. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Lálẹ́, ó gbé ìwé rẹ̀ wá. "Bàbá, ẹ má bínú, olùkọ́ wa ló ní kí a ṣe é." Ó ti ya àwòrán ojúlé kọ̀ọ̀kan, ó fi rúlà wọn bí ihò ti jìn tó, ó sì kọ nọ́ńbà sí àpò kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí wọn kò bá tíì tú ilẹ̀ rí, ohun tó wà nísàlẹ̀ ló ti pẹ́ ju ti òkè lọ. "Ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí èyíkéyìí ti wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Akọ̀wé rélùwéè ni mí. Mo mọ ìyọnu ẹrù tí ìwé rẹ̀ sọnù. Mo sì rántí Nok, ìtòsí wa níbí, níbi tí àwọn tó ń wa kùsà ti rí ère amọ̀ lọ́dún 1928. Ní nǹkan bí ọdún 1943, akọ̀wé kan bí èmi gbé orí amọ̀ kan láti ibi kùsà ní Jema'a lọ sí oko iṣu, ó fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ. Ọ̀gbẹ́ni Bernard Fagg ló wá mọ iyì rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ti ju 2,000 ọdún lọ ni!

Mo bẹ ọmọ mi. Ní Sátidé kejì a ta okùn tuntun, èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà sára àpò. Ti àkọ́kọ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ààtàn ilé kọ́ iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan ère, kí wọ́n má ṣe hú u; kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ẹ tó bínú sí ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀.

Ìyá àwọn ọmọ kí yín o.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Rélùwéè, Kafanchan