Ta Ni Yóò Jó fún Ìyá Àgbà?

Ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, ni àwọn àgbà ń wí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sin òbí rẹ̀ tán, kí ni ó kù fún un láti ṣe?

Ìbéèrè yìí dé bá olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Àgbàdo, ní agbègbè Alimọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama nípa ọdún Ẹ̀yọ̀. Ó ti ṣàlàyé fún wọn pé Adámú Òrìṣà ni orúkọ rẹ̀ mìíràn, àti pé àkọsílẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 1854 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti fi bu ọlá fún Ọba Akíntóyè tí ó wàjà ní 1853. Ó sọ nípa agbádá funfun, ọ̀páǹbàtà, àti àkẹtẹ̀ tí a fi ń mọ Ẹ̀yọ̀ ilé kan yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Ó ka èèwọ̀ ọjọ́ náà: bàtà, gèlè, irun ṣùkú, sìgá. Ó ní kì í ṣe ọdọọdún ni Ẹ̀yọ̀ ń jáde. Nítorí ọba, ìjòyè tàbí gbajúmọ̀ tí ó ti lọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni yóò jó fún ìyá àgbà tèmi? Wọn kì í ṣe ìjòyè. Àkàrà ni wọ́n ń dín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ Àgbàdo ni òun náà sin bàbá rẹ̀ sí, ó jìnnà sí ìlú wọn ní ìhà Ọ̀yọ́, níbi tí egúngún ilé wọn ti ń jáde. Ó rántí ẹ̀kú egúngún náà, bí àwọn ọmọ ilé ti ń fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ti kú kò fi kúrò lára rẹ̀. Ó sọ èyí fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ọmọbìnrin náà: "Ǹjẹ́ o mọ oríkì wọn?"

Ọmọ náà dìde, ó bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìlà kẹta, ó dákẹ́. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ki ìyókù láàárọ̀, bí ó bá ń jí i.

Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó wá hàn sí wọn pé ohun tí òkú ń pàdánù ju ijó lọ. Ẹni tí kò ní Ẹ̀yọ̀ ní oríkì, ṣùgbọ́n ẹnu alààyè ni oríkì ń gbé; bí ẹnu náà bá pa dé láìkọ́ ẹlòmíràn, olówó rẹ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Olùkọ́ fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé: kí olúkúlùkù lọ gba oríkì ẹni rẹ̀ kan tí ó ti kú lẹ́nu àgbà tí ó ṣẹ́kù.

Ní ìrọ̀lẹ́, òun náà mú ìwé àti bírò, ó pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin nílé. Oríkì bàbá rẹ̀, ìdajì ni ó mọ̀.